Ọwọ́ Mi Kò Kan Etí

Ọdún tí gbogbo ayé ń fi aṣọ bo imú, tí wọ́n ti mọ́ṣáláṣí pa, tí kálukú kí ìrun Iléyá ní ojúde ilé rẹ̀ bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́, ọdún yẹn ni mo wọ ilé ìwé. Ìwọ ọmọ ọmọ mi tí ò ń bá mi kọ ọ́, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Má rẹ́rìn-ín. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà. Eyín mi ti ń dín, èjìká ọ̀tún mi kò sì gbà kí n gbé ẹrù sórí mọ́. Àǹtí tó kọ́ mi níwèé kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé ọ̀dọ̀ àǹtí yìí, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọdún mìíràn. Ẹni tí kò bá gbọ́ tìyẹn kò ní mọ ohun tí mò ń wá nínú iyẹ̀pẹ̀ ojúde wa láràárọ̀.

Ọdún yẹn ni ìjọba kéde pé ilé ìwé ti di ọ̀fẹ́. Ọmọ kékeré ni mí. Bàbá mi ń hun òfì níbí ní Ìsẹ́yìn, ìyá mi ń ran òwú. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí àdúgbò wa ló ń bẹ̀rù ilé ìwé nígbà náà, wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọmọ ẹni di onígbàgbọ́. Bàbá mi kò bá wọn bẹ̀rù. Bí àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ bá kọ lẹ́tà láti Ìbàdàn, ńṣe ni yóò máa gbé e kiri ìlú bí ẹni tó ń gbé aláìsàn wá oníṣègùn, títí yóò fi rí ẹni bá a kà á. Ó ti sú u. Ó ní òun fẹ́ kí ẹni tí yóò máa ka lẹ́tà òun máa sùn lábẹ́ òrùlé òun.

Ìwé ọjọ́ ìbí wo ni wọ́n fẹ́ béèrè nígbà yẹn? Ọwọ́ àti etí ni ìwé ọjọ́ ìbí wa. Tíṣà á ní kí o gbé ọwọ́ ọ̀tún, kí o gbé e gba àárín orí kọjá, kí o fi ìka kan etí òsì. Bó bá kàn án, o ti tó. Bí kò bá kàn án, padà sílé, kí o lọ máa jẹun. Gbogbo àwa ọmọdé agboolé la máa ń dán an wò. Bí a bá ti jí báyìí, ọwọ́ ti dé orí. Ní tèmi, ó ń kàn án. Mo fi han ìyá mi. Mo fi han ìyá tó bí ìyá mi. Mo fi han obìnrin tó ń ta epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ó ní, “Lọ síwájú níbẹ̀ yẹn, ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́, ọwọ́ rẹ gùn ju ti ọ̀bọ lọ.” Ìka àárín mi á kàn ba orí etí fẹ́rẹ́, bí ìgbà tí eṣinṣin bà lé e. Ṣùgbọ́n ó ń bà á.

Inú ìyá mi dùn. Inú rẹ̀ dùn jù, ohun tó ṣe é nìyẹn. Nígbà tó ku ọ̀la tí a ó lọ, ó pè mí lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó fi mí sáàárín itan, ó ní kò dáa kí ọmọ òun lọ dúró níwájú tíṣà pẹ̀lú orí jágajàga. Ó di ṣùkú fún mi. O mọ ṣùkú: irun á gbéra láti etí, á gbéra láti ìpàkó, gbogbo rẹ̀ á pàdé lókè orí. Ìyá mi wá ki òwú dúdú bọ̀ ọ́, òwú tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ràn, kó lè dúró ṣánṣán. Ṣùkú ọjọ́ náà ga bí ìdérí agbọ̀n. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí i. Mo rora sùn, n kò jẹ́ kí orí mi kan ẹní.

Ní ọjọ́ kejì, a tò sábẹ́ igi. Tíṣà wọ ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ funfun tó dé orúnkún. Ó kàn mí. Mo gbé ọwọ́. Apá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gun ṣùkú bí ẹni tó ń gun òkè Àdó, ìgbà tó yẹ kó máa sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà kejì, ó tán. Mo na ìka. Mo tiro, bí ẹni pé ìyẹn lè ràn mí lọ́wọ́. Ó ku ìwọ̀n ìka kan péré.

Tíṣà ní, “Kò tíì tó. Ẹ mú un wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó kàn!”

Ìyá mi ní, “Tíṣà, ó máa ń kàn án nílé.”

“Ìyá, gbogbo wọn ló máa ń kàn án nílé.”

Àwọn tó tò sẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín. Ìyá mi fà mí lọ́wọ́, a kọrí sílé. A ti rìn jìnnà kó tó gbé ọwọ́ lé mi lórí láti fi rẹ̀ mí lẹ́kún. Ọwọ́ rẹ̀ ba ṣùkú. Ó dúró. Ó fi ọwọ́ wọn ṣùkú náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sì kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà níbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Eyín ló fi ń já òwú. Àwọn tó ń lọ sóko ń wò wá. Nígbà tó tú ìlàjì, ó ní kí n gbé ọwọ́. Mo gbé e. Ó kan etí. A sáré padà pẹ̀lú orí tí ẹ̀gbẹ́ kan dì tí ẹ̀gbẹ́ kan tú, bí orí wèrè.

Tíṣà ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló sọ fún wa pé ìwé ti kún, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Kí ọdún náà tó yí po, ìyá mi bí ìbejì. Ó ń pọn ọ̀kan, mò ń pọn ìkejì. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ mi ti mọ́ nídìí òwú. Bí ó ṣe lọ nìyẹn. Ìyá mi kò di ṣùkú fún mi mọ́ títí mo fi délé ọkọ. Ọdún dé, ìgbéyàwó dé, irun tó wolẹ̀ sí ìpàkó ló máa ń dì. Bí mo bá ní ṣùkú ló wù mí, á ní kò yẹ orí mi. A kò jọ sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà rí títí ó fi kú.

Ó dáa. Jẹ́ ká padà sí ọdún ìbomú.

Àbígbẹ̀yìn mi obìnrin, nọ́ọ̀sì ni ní Ìbàdàn. Nígbà tí àrùn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n láàmú ní ọsibítù, ẹ̀rù bà á kó má lọ gbé e wálé fún ọmọ. Ọkọ rẹ̀ wà ní Àbújá, wọn kò jẹ́ kí mọ́tò kọjá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Ọjọ́ tó gbé ọmọ náà wá, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó ju báàgì sílẹ̀, ó ní kí ọmọ máa lọ bá mi. Ó ní, “Ìyá mi, ẹ má bínú, mi ò lè sún mọ́ yín.” Aṣọ tó fi bo imú ti rin. Mo rò pé òógùn ni.

Ọmọ náà kò sunkún. Ó wò yíká ojúde, ó wo òfì tí àkọ́bí mi ọkùnrin ń hun lábẹ́ àtíbàbà, ó wo ewúrẹ́, ó wo èmi tí mo jókòó ti agbọ̀n òwú mi tí mò ń ká òwú fún ọmọ mi. Ó ní, “Ìyá àgbà, níbo ni kíláàsì wà níbí?”

Mo ní kò sí kíláàsì, wọ́n ti ti gbogbo ilé ìwé pa. Ó ní, “Ẹn-ẹ́n,” bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé iyọ̀ tán.

Ní Ìbàdàn, jẹ́lé-ó-sinmi ló ń lọ. Èmi rò pé ibẹ̀ kàn jẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ọmọ sí kí ilé lè sinmi lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀. N kò mọ̀ pé wọ́n ń kọ́ wọn ní nǹkan. Ọmọ yìí ló la ojú mi. Gbogbo ohun tó bá rí ló ń kà. Ó ń ka ìdérí ìgò, ó ń ka ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Ó to èèpo ẹ̀pà ní méjì-méjì, ó ní ọkọ àti ìyàwó ni wọ́n, èyí tó ṣẹ́ kù kò tíì rí ìyàwó fẹ́. Mo ní, “Ta ló kọ́ ọ?” Ó ní, “Wọn ò kọ́ mi, a máa ń fi ṣeré ni.”

Ní ọjọ́ kan wọ́n wá pín ìrẹsì ìjọba ní àdúgbò. Wọ́n ti àtàǹpàkò mi bọ yíǹkì, mo tẹ̀ ẹ́ síwèé. Ohun tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ ayé mi nìyẹn. Ìwé ilẹ̀ tí ọkọ mi fi sílẹ̀, àtàǹpàkò. Káàdì ìdìbò, àtàǹpàkò. Mò ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nígbà tí ọmọ náà dé.

“Ìyá àgbà, kí ló dé tí ìka yín dúdú?”

“Mo fi tẹ̀wé ni.”

“Kí ló dé tẹ́ ò kọ orúkọ yín?”

“N kò mọ̀ ọ́n kọ.”

Ó wò mí títí. Kì í ṣe ìwò ìyàlẹ́nu. Bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ibi tí yóò gbé ẹrù sí ló ṣe wò mí. Ó ní, “Ó dáa. Ọ̀la ni a máa wọlé. Kí mọ́mì mi tó wá mú mi, ẹ ó ti mọ̀ ọ́n kọ.”

Mo mọ̀ pé eré ọmọdé ni, àmọ́ n kò lè jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ọjọ́ tí a ti padà láti abẹ́ igi yẹn, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún mi pé ọ̀la ni mò ń wọlé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti to kíláàsì. Odó jókòó síwájú. Ewúrẹ́ tí a so mọ́lẹ̀ jókòó tẹ̀ lé e. Ó fa ìlà kan sínú iyẹ̀pẹ̀, ó ní ẹnu ilẹ̀kùn nìyẹn. Ó ní, “Ìyá àgbà, ẹ wọlé.”

N kò mọ ohun tó sún mi sọ ọ́. Mo dúró lẹ́yìn ìlà, mo ní, “Rárá o, àǹtí. Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ mi bóyá ó kan etí.”

“Kí nìyẹn?”

Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní ó dáa, kí n gbé ọwọ́. Mo gbé e. Èjìká mi pariwo. Ọwọ́ náà dé iwájú orí, ó kọ̀ láti kọjá. Mo fi ọwọ́ òsì tì í, kò lọ. Wò ó, kò sí ṣùkú, kò sí nǹkan kan lórí mi bí kò ṣe ewú àti ìborùn, ọwọ́ kò sì kan etí.

Ọmọ náà wò yíká. Ó lọ gbé àpótí tí mo máa ń jókòó lé, ó gùn ún, ó sún ìborùn mi sẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ gba orí mi kọjá, ó sì fi ìka kan etí òsì mi. Ìka náà tutù.

Ó ní, “Ó ti kàn. Wọlé, kí o jókòó.”

Mo wọlé. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúrẹ́. Ó ní ṣé apá ló ń dùn mí tí mo fi ń sunkún. Mo ní apá ni.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Ó pe odó, òun fúnra rẹ̀ ló bá odó dáhùn. Ó pe ewúrẹ́. Ó pe èmi, mo dákẹ́. Ó ní, “Ìwọ! O ò gbọ́ ni? Sọ pé pírẹ́sẹ́ǹtì.”

Àkọ́bí mi sọ ọ̀kọ̀ tó fi ń hun aṣọ sílẹ̀ lórí òfì. “Ta lò ń pè ní ìwọ? Ìyá tó bí ìyá rẹ?”

Ọmọ náà kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. “Kì í ṣe Ìyá àgbà nísinsìnyí. Ọmọ kíláàsì mi ni.”

Mo ní, “Pírẹ́sẹ́ǹtì, àǹtí.”

Bó ṣe ń kọ́ mi, n kò rí irú ẹ̀ rí. Kò fún mi ní ìwé. Kò fún mi ní bírò. Ó ní orúkọ mi ní lẹ́tà mẹ́fà, pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, èyí àkọ́kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ jí. Ó ṣa àjákù òwú nídìí òfì, ó fi òwú pupa to lẹ́tà àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ó ní, “Ìyá kan ló dúró yìí. Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó wá na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn torí ó fẹ́ sáré.” Mo wò ó, mo sì rí i. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mo rí obìnrin náà. Ó tún mú ọ̀pá, ó fa lẹ́tà náà sínú iyẹ̀pẹ̀, ó tóbi tó yàrá kan, ó ní kí n rìn ín. Mo rìn ín. Mo gba ẹ̀yìn ìyá lọ sókè, mo yí gba ara ọmọ tó pọ̀n, mo sọ̀ kalẹ̀ gba ẹsẹ̀ tó nà. Ó ní kí n tún un rìn. Ó ní kí n di ojú. Òun á di aṣọ mi mú, á máa sọ pé, “Ó kù díẹ̀, ẹ ti ń jáde nínú ilé, ẹ padà.” Nígbà tó fi di ọ̀sán, ẹsẹ̀ mi ti mọ lẹ́tà náà kí ọwọ́ mi tó mọ̀ ọ́n.

Èkejì jẹ́ àkàbà tó fi ẹsẹ̀ méjì tẹlẹ̀, tó ní ibi ìgùn kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹta, ejò ni. Òwú funfun ló fi to ejò, ó fi igbá bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn, ó ní, “Ejò sá lọ o! Wá ejò!” Èmi arúgbó yìí á máa ṣí igbá kiri. Bí mo bá ṣí ibi tí àkàbà wà, á patẹ́wọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, “Ìyá àgbà gun àkàbà, ejò bù ú jẹ!” Ní ọjọ́ kan a ṣí gbogbo igbá, a kò rí ejò. Ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́. Òwú funfun ṣì ń yọ ní ẹnu rẹ̀. Àǹtí mi ní kí ewúrẹ́ jáde ní kíláàsì, ó sì kúnlẹ̀ lóòótọ́ níwájú rẹ̀, ó ń bá a wí, pé ẹni tó bá jẹ lẹ́tà kò ní mọ̀wé.

Láràárọ̀ ni àkọ́bí mi máa ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀. “Ìyá, ṣé àǹtí yín ti nà yín lónìí?” “Ìyá, ṣé ẹ ti ṣe iṣẹ́ àmúrelé?” Mo dá a lóhùn pé kó máa hun aṣọ rẹ̀, pé mo ní ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu mi. Mo ní ẹ̀kọ́. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn tó bá wá ra òwú pàápàá, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá, mo ní ẹ̀kọ́.”

Gbogbo kéú tí mo kà láyé mi, orí ni mo há a sí. Mo lè ké Yásínì láìṣìnà, ṣùgbọ́n bí o bá gbé e síwájú mi, n kò mọ ojú rẹ̀. Mo mọ ohùn nǹkan, n kò mọ ojú wọn. Àwọn lẹ́tà yìí ni ohun àkọ́kọ́ tí mo mọ ojú rẹ̀. Bí mo bá rí ejò lára àpò sìmẹ́ńtì, á dà bí ẹni pé mo rí ará ilé mi lọ́jà.

A kò yára. Àwọn ọjọ́ kan, kíláàsì kì í wáyé, nítorí ó fẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, tàbí pé odó ń ṣàìsàn. Èmi náà kò kán an lójú. Àgbàdo là ń gbìn nígbà tó dé. Ó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, a jẹ tútù, a jẹ gbígbẹ. Nígbà tí wọ́n ń wa iṣu tuntun wọ̀lú láti ọ̀nà Òtù, a ti dé lẹ́tà kẹrin. Ẹ̀kẹrin kò ní nǹkan kan, ọ̀pá lásán ni, ó dá dúró. Mo ní, “Àǹtí, ìyẹn nìkan?” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, “Ìyẹn nìkan, ó ti rẹ̀ ẹ́.”

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni rédíò sọ pé ilé ìwé máa ṣí. Ìyá rẹ̀ pè, ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo ka ọjọ́ tó kù, mẹ́rin ni. Lẹ́tà tó kù, méjì. Mo ní lọ́kàn mi pé ó máa tó. Ṣùgbọ́n ọmọdé tí ìyá rẹ̀ ń bọ̀ wá mú, ṣé ó tún lè jókòó? Ó ń kó báàgì rẹ̀, ó ń tú u. Ó ń béèrè bóyá bàbá rẹ̀ á wà nílé. Mo to odó. Mo so ewúrẹ́ mọ́ ibi tó ń jókòó. Mo fi ọwọ́ ara mi fa ìlà ẹnu ilẹ̀kùn, mo sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó wò mí láti ojú fèrèsé, ó ní, “Ìyá àgbà, ìsinmi ni lónìí.”

Àárọ̀ Sátidé, ìyá rẹ̀ ti dé, wọ́n ti ń kó ẹrù sínú mọ́tò. Ọmọ náà wá sáré jáde sí mi, ó mú òwú aláwọ̀ aró nínú agbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní, “Ìkarùn-ún, ó dà bí…” Awakọ̀ fọn fèrè. Ìyá rẹ̀ ké sí i. Ó ju òwú sílẹ̀, ó ní, “N ó sọ ọ́ tí mo bá padà dé.” Ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin fún àwàdà, ó sáré lọ. Eruku bo ojúde.

Òwú náà wà lẹ́bàá agbọ̀n. N kò gbé e. Nígbà tó yá, ẹnì kan gbá a mọ́ ilẹ̀.

Ìwọ tí ò ń bá mi kọ èyí, o mọ ohun tó tẹ̀ lé e, ìwọ náà wà níbẹ̀. Nígbà tí o wá lo ìsinmi, o ní ṣé lẹ́tà méjì lásán nìyẹn, pé ìwọ á fi hàn mí kí ẹ̀kọ ìrọ̀lẹ́ tó jinná. O gbé ìwé pẹlẹbẹ kan wá, o fi àmì kéékèèké to àwọn lẹ́tà náà sínú rẹ̀, o ní kí n máa fi bírò tẹ̀ lé e. O fi sùúrù ṣe é, n kò lè purọ́ mọ́ ọ. Mo ń wo lẹ́tà tí o kọ, n kò rí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ pé ta nìyí? O ní, “Kì í ṣe ẹnì kankan, Ìyá àgbà, lẹ́tà ni.” Mo ní kí o gbé ìwé náà kúrò. O bínú díẹ̀. Kọ ìyẹn náà, má fò ó.

Ọdún mẹ́ta kọjá kí ọmọ náà tó padà wá. Ó ti ga. Eyín iwájú rẹ̀ ti hù tuntun, ó gùn, ó fi ń sọ̀rọ̀ bí àgbà. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó kí mi ní ẹ̀yin, ẹ̀yin, kò pè mí ní ìwọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ti gbálẹ̀ ojúde. Mo ti fi igi fa lẹ́tà mẹ́rin náà, mo fi àyè méjì sílẹ̀ níwájú wọn. Ó kọjá lórí wọn lọ mu omi. Mo dúró títí di ọjọ́ kejì, mo wá ní, “Àǹtí.” Ó wẹ̀yìn láti wo ẹni tí mò ń pè.

Mo ní, “Ìkarùn-ún, kí ló dà bí?”

“Ìkarùn-ún wo, Ìyá àgbà?”

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti odó, mo sọ ti ewúrẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Áà, ṣé mo ṣe bẹ́ẹ̀?” Ó fa bírò yọ, ó ya bébà kan nínú ìwé rẹ̀, ó sì kọ orúkọ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láàárín ìgbà tí ènìyàn fi ń ṣẹ́jú. Ó ní, “Òun nìyí. Ẹ lè máa wò ó kọ.” Ọmọ dáadáa ni. Kò ṣe nǹkan tó burú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ká bébà náà, mo fi í sábẹ́ ẹní ìkírun mi. Ó ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn, mo máa ń fi àtàǹpàkò bò wọ́n bí mo bá ń wo mẹ́rin tèmi.

Ṣé o rí i, mo mọ̀ nígbà yẹn pé àǹtí mi ti lọ. Kì í ṣe Ìbàdàn ló lọ. Ibi tí ó lọ, mọ́tò kò dé ibẹ̀. Láràárọ̀ tí mo bá gbálẹ̀ tán, mo ṣì ń fa wọ́n. Ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n, àkàbà, ejò, ọ̀pá tó ti rẹ̀. Mo ń rìn wọ́n bó ṣe kọ́ mi. Bí mo bá dé ibi tí ọ̀pá parí sí, mo máa ń dúró díẹ̀, bí ẹni tó dúró dé ẹni tó lọ pọn omi, kí n tó wọlé lọ ká òwú.

Iléyá tó kọjá, gbogbo àwọn ọmọ mi wálé. Wọ́n jẹun tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún mi. Ọ̀kan ní fíríìjì. Ọ̀kan ní kí n wá máa gbé ní Ìbàdàn kí dókítà lè máa wo èjìká mi. Àkọ́bí mi ní kí wọ́n ra yúnífọ́ọ̀mù fún mi, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Àbígbẹ̀yìn mi gbé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lé itan, obìnrin ni, ó ń fi ẹnu bu gbogbo ohun tó bá rí.

Mo ní kí wọ́n dákẹ́. Mo ní, “N kò fẹ́ fíríìjì. Èjìká mi, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó wà lórí itan yẹn, tó bá ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, tó ti ń fi èèpo ẹ̀pà fẹ́yàwó fún ara wọn, tí kò tíì gbọ́n jù, ẹ gbé e wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Ẹ má pẹ́. Òwú ń bẹ nínú agbọ̀n, lẹ́tà méjì ló kù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì ń gbé e bọ̀, inú yín lè dùn o, ṣùgbọ́n ẹ má di ṣùkú fún un.”